Ajere Kò Gba Omi Dúró: Ìtọ́jú Kílíìmù Mọ́tò Àgbà Nínú Ilé

  Nínú ìwé oṣù tó kọjá, a sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú kànga. Lónìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni a bá wá.

Lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi kan, àwọn bàbá ìdílé mẹ́ta dá wa dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn gbé wá: mọ́tò wọn ti dàgbà, ẹ̀rọ tí ń mú inú rẹ̀ tutù kò tutù mọ́, owó gáàsì kò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ẹ̀rọ yìí ni gbogbo wa ń pè ní kílíìmù. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ẹ bá wa kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ, nítorí ẹ̀yin náà ti jìyà rẹ̀ rí.” Òtítọ́ ló sọ. A ti jìyà rẹ̀ rí, a kò sì ní tijú láti sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa tẹ̀ síbi tí a tẹ̀ sí.

Mọ́tò ilé wa kì í ṣe ọmọdé. Ó ti lé ní ogún ọdún, òkè òkun ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ kí ó tó gba èbúté Kútọnu wọlé. Nígbà tí a rà á, kílíìmù rẹ̀ ń fẹ́ bí afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ọyẹ́. Ní ọdún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tó rẹ̀. A gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí ń rọ gáàsì lẹ́bàá ọ̀nà. Kò bi wá ní ohunkóhun. Ó so rọ́bà mọ́ ọn, ó rọ gáàsì sí i, ó gbowó. Inú mọ́tò tutù, inú wa náà sì dùn. Oṣù mẹ́rin kò pé tí ooru fi padà. A tún lọ, ó tún rọ ọ́. Nígbà kẹta, ẹ̀rọ tí ń fún gáàsì, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, kò tilẹ̀ gbà láti yí mọ́. Ọkùnrin náà fa wáyà méjì yọ, ó so wọ́n pọ̀, ó ní, “Ó ti dá, ẹ máa lọ.” A sì lọ.

Ní oṣù kẹta ọdún náà, a ń gbé Ìyá wa àgbà láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́ kí wọ́n lè yẹ ojú rẹ̀ wò. A kò tíì rìn jìnnà sí Kétu tí ẹ̀rọ náà fi ké, bí ìgbà tí irin ń ha irin. Láti ìgbà náà, afẹ́fẹ́ gbígbóná nìkan ló ń fẹ́ sí wa lójú. Gíláàsì ẹ̀yìn méjèèjì kò ṣí, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti bàjẹ́. A kò tún wọn ṣe, nítorí a rò pé ẹni tó ní kílíìmù kò nílò fèrèsé. Ìyá kò ráhùn. Àwọn àgbà kì í fẹ́ yọ ọmọ lẹ́nu. Nígbà tí a sún mọ́ Ìpóbẹ́ ni a bi í ní nǹkan, tí èsì rẹ̀ kò bá ìbéèrè mu. Ara rẹ̀ gbóná janjan, kò sì làágùn mọ́. A dúró lábẹ́ igi, a fi aṣọ tútù nù ún lára, a ń fẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí. Ọlọ́run ṣàánú wa, ó yè é. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà sọ kò kúrò lọ́kàn wa: ara àgbàlagbà kì í tètè mọ òùngbẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í làágùn bíi ti ọ̀dọ́ láti fi tu ara rẹ̀ lára. Inú mọ́tò tó gbóná lè pa á, kó tó sọ pé ó rẹ òun.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ fìríìjì àti kílíìmù ló bá wa tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó bi wá pé, “Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti rọ gáàsì sí i?” A ní, “Ẹ̀ẹ̀mẹta.” Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá, ibo wá lẹ rò pé ti àkọ́kọ́ gbà lọ?” A kò rí èsì fọ̀. Ó mú wa lọ́wọ́, ó fi ibi tí ọ̀pá méjì ti pàdé hàn wá. Òróró ti yọ níbẹ̀, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Òrùka rọ́bà kékeré kan, tí kò tóbi ju òrùka ọwọ́ ọmọdé lọ, ló ti gbó tó sì sán. Nítorí òrùka yìí, a ra gáàsì lẹ́ẹ̀mẹta, a pàdánù kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, díẹ̀ ló sì kù kí a pàdánù Ìyá.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí kò ju ọ̀kan lọ: gáàsì kílíìmù kì í ṣe ẹ̀sáǹsì. Ẹ̀sáǹsì ń jó, ó sì ń tán. Gáàsì kílíìmù kì í jó, yíyí ló ń yí po nínú ọ̀pá. Bó bá dín púpọ̀, ó ti rí ibì kan gbà jáde ni. Ẹni tó ń rọ ọ́ láìwá ojú ibi tó ti ń jò, omi ló ń pọn sínú ajere. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Gbogbo wa la mọ amù. Omi inú ìkòkò amọ̀ máa ń tutù ju omi inú garawa lọ. Kí ló fà á? Omi díẹ̀díẹ̀ ń yọ sí ara amọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ. Omi tó bá fẹ́ di oru ní láti gba ooru lọ́wọ́ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí èyí tó kù nínú ìkòkò fi ń tutù. Kílíìmù kò ṣe ju èyí lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí ń di oru nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Omi ń hó ní ìwọ̀n 100. Gáàsì tó wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò wa, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ R134a, ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 26 nísàlẹ̀ òdo, bí kò bá sí ohun tó ń fún un mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tó fi lè gba ooru kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí àwa rò pé kò gbóná rárá.

Ọ̀nà rẹ̀ rí báyìí. Bẹ́líìtì ẹńjìnnì ń yí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, òun ló ń fún gáàsì, gáàsì á sì gbóná. Ó gba ọ̀pá lọ síwájú, sínú ohun kan tó jọ ràdíátọ̀, tó dúró níwájú ràdíátọ̀ gan-an. Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ìta ti ń gba ooru lára rẹ̀, tí gáàsì fi ń di olómi. Ó gba inú ìgò irin kékeré kan kọjá, níbi tí a ti ń fa ọ̀rinrin kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba ojú ihò tóóró kan, ó bọ́ sínú ọ̀pá tó wà lẹ́yìn ibi tí awakọ̀ kọjú sí. Ibẹ̀ ló ti ń hó, tó ń di oru, tó sì ń gba ooru inú mọ́tò. Fáànù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá lára ọ̀pá tútù yìí wá bá wa. Gáàsì á tún padà sínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀. Òróró díẹ̀ ń bá gáàsì rìn ní gbogbo ọ̀nà yìí, òróró náà ni kò jẹ́ kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ jẹ ara rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, mọ́tò Packard tí wọ́n ṣe fún ọjà ọdún 1940 ni ó kọ́kọ́ ní irú ẹ̀rọ yìí láti ilé-iṣẹ́. Nígbà náà, bí awakọ̀ bá fẹ́ pa á pátápátá, ó ní láti dúró, kí ó ṣí iwájú mọ́tò, kí ó sì yọ bẹ́líìtì rẹ̀. Lónìí, irin oní-mágínẹ́ẹ̀tì kan ló ń so kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ mọ́ bẹ́líìtì, tó sì ń tú u sílẹ̀. Òun ni ẹ máa ń gbọ́ tó ń dún “kẹ́” nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Bí gáàsì bá ti dín jù, ohun kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kí irin yìí so pọ̀, kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ má bàa yí láìsí òróró. Ohun náà gan-an ni ọkùnrin ẹ̀bá ọ̀nà fi wáyà fò kọjá nínú mọ́tò wa. Ẹ̀ṣọ́ ilé ló dè mọ́lẹ̀ kí olè lè wọlé.

Ohun tí ọwọ́ ilé lè ṣe

Ẹ pa ẹńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó fi ọwọ́ kan nǹkan. Fáànù iwájú lè dédé yí nígbà tí ẹ kò rò ó. Àwọn obìnrin, ẹ di ìborùn yín dáadáa. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ká apá aṣọ yín sókè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé dúró nítòsí.

Èkíní: ẹ fọ ohun tó jọ ràdíátọ̀ níwájú. Eruku pupa, kòkòrò àti ewé máa ń dí i, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Bó bá dí, ooru kò rí ọ̀nà jáde, kílíìmù kò sì ní tutù bí gáàsì rẹ̀ tilẹ̀ pé. Ẹ fi omi tó ń ṣàn jẹ́jẹ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì lo búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ omi alágbára tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò síbẹ̀, ẹ má sì fi ọ̀bẹ tàbí ìṣó ha á, nítorí àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara rẹ̀ máa ń tẹ̀. Nínú mọ́tò tiwa, ìdọ̀tí tí a fọ̀ kúrò níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún igbá kékeré kan.

Èkejì: ẹ wò bóyá fáànù ń yí. Ẹ tan ẹńjìnnì, ẹ tan kílíìmù, kí ẹnì kan dúró sí ọ̀ọ́kán kó máa wò. Nínú àwọn mọ́tò tí fáànù wọn ń lo iná bátìrì, ó yẹ kí fáànù iwájú yí láìpẹ́. Bí kò bá yí, ẹ yẹ fíùsì rẹ̀ wò kí ẹ tó náwó kankan. Mọ́tò tó ń tutù nígbà tó bá ń sáré, tó sì ń gbóná nígbà tó bá dúró ní ọjà, fáànù yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ má ṣe fi falẹ̀, nítorí ó lè mú kí ẹńjìnnì fúnra rẹ̀ hó.

Ẹ̀kẹta: ẹ yẹ bẹ́líìtì wò. Bó bá ti sán, tó ń dán bíi dígí, tàbí tó dẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́líìtì tó dẹ̀ máa ń han bí ọmọ adìyẹ nígbà tí ẹ bá tan kílíìmù.

Ẹ̀kẹrin: ẹ wá asẹ́ afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ní asẹ́ tó ń gba eruku kí afẹ́fẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó lè wà lẹ́yìn àpótí tí a ń kó ìwé mọ́tò sí, tàbí lábẹ́ gíláàsì iwájú. Àwọn mọ́tò àgbà kan kò ní in rárá. Bí tiyín bá ní in, tí afẹ́fẹ́ kò sì jáde dáadáa mọ́, ẹ yọ ọ́ wò. Bó bá ti dúdú, ẹ ra òmíràn. Ẹ má ṣe fi omi fọ asẹ́ oníwèé. Ẹ kó ewé tó wọ ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú kúrò pẹ̀lú, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò. Omi tó ń kán sílẹ̀ nígbà tí kílíìmù ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àìsàn. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni, bí omi tó ń yọ sí ara ife tútù. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò bá gbẹ, tí kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ sì tutù, rọ́bà kékeré tí omi ń gbà jáde ló ti dí. Ẹ wá ẹnu rẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, ẹ rọra yọ ìdọ̀tí rẹ̀. Ẹ má ṣe ki irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó bọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹfà: ẹ wá ojú òróró. Ẹ tẹ̀lé àwọn ọ̀pá kílíìmù, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo oríkèé wọn. Ibi tí òróró bá ti kó eruku jọ, ibẹ̀ ni gáàsì ti ń jáde. Nígbà tí ẹńjìnnì bá wà ní pípa, ẹ lè fi kànìnkànìn ta omi ọṣẹ sí i. Bó bá ń hó fọ́ọ́fọ́ọ́, olè ti bọ́ sọ́wọ́ yín. Jíjò tó kéré lè má ta ìfófòó, nítorí náà, kí ẹ má sọ pé kò sí nǹkan kan nítorí pé ọṣẹ kò hó.

Ẹ̀keje: ẹ wọn òtútù rẹ̀. Ẹ tan ẹńjìnnì níta gbangba, ẹ pa fèrèsé, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú mọ́tò máa yí po nínú, kí ẹ ki ẹ̀rọ ìwọn ooru bọ ojú ihò àárín. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, bó bá fi ìwọ̀n 5 sí 12 hàn, ẹ dúpẹ́. Ní ọjọ́ tí ọ̀rinrin pọ̀, ó lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré pẹ̀lú déètì, kí ẹ lè mọ̀ ní ọdún tó ń bọ̀ bóyá ó ń rẹ̀ ẹ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ohun tí ọwọ́ ilé kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má ṣe tú ọ̀pá kílíìmù kankan. Gáàsì tó bá fò jáde lè mú ara bó bí iná, nítorí òtútù rẹ̀, ó sì lè fọ́ ojú. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni rọ gáàsì ìdáná sí i. Òótọ́ ni pé ó lè tutù. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí gáàsì ń gbà wà nínú ilé mọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Bó bá jò, tí iná kékeré kan bá ta, mọ́tò ti di ààrò.

Ẹ tún wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí ẹńjìnnì. Ó ń sọ orúkọ gáàsì àti ìwọ̀n rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, ó máa ń wà láàárín gírámù 500 sí 900. Àwọn mọ́tò tí wọ́n ṣe kí ọdún 1990 tó dé ń lo R12. Ní ọdún 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland fi hàn pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ máa ń gòkè lọ ba ìbòrí ozone jẹ́, èyí tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn líle. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Montreal láti dá a dúró, nígbà tó sì fi di ọdún 2010, àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀ púpọ̀ náà ní láti ti jáwọ́ nínú ṣíṣe é àti lílò ó. Molina àti Rowland, pẹ̀lú Paul Crutzen, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1995. R134a tó rọ́pò rẹ̀ kì í ba ìbòrí yẹn jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dá ooru dúró lójú ọ̀run: ní ìṣirò ọgọ́rùn-ún ọdún, kílò 1 rẹ̀ ń ṣe bíi kílò 1,430 èéfín carbon dioxide. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi tún ṣe àdéhùn míràn ní Kigali ní ọdún 2016, kí lílo irú rẹ̀ lè máa dín kù. Gáàsì tí a jẹ́ kó fò lọ lásán, ayé tí àwọn ọmọ wa yóò gbé ló ń gbóná fún.

Òróró R12 àti ti R134a kì í ṣe ọ̀kan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yí mọ́tò R12 padà sí R134a, iṣẹ́ gidi ló fẹ́ ṣe, kì í ṣe rírọ lásán.

Nígbà tí ẹ bá gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í ní ìbéèrè márùn-ún yìí. Ǹjẹ́ ẹ ó wá ibi tó ti ń jò kí ẹ tó rọ gáàsì? Ǹjẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin kúrò nínú ọ̀pá, ẹ ó sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tó ààbọ̀ wákàtí ó kéré tán? Ǹjẹ́ ẹ ó fi òróró tó yẹ dípò èyí tó jò? Ǹjẹ́ ẹ ó pààrọ̀ ìgò tí ń fa ọ̀rinrin, níwọ̀n bí a ti tú ọ̀pá? Ǹjẹ́ ẹ ó fi ìwọ̀n wọn gáàsì náà? Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Ẹni tó bá bínú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wa mọ́tò yín lọ.

Lílò rẹ̀ lójoojúmọ́

Bí mọ́tò bá ti dúró sínú oòrùn, ẹ kọ́kọ́ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn kí ooru jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ tan kílíìmù. Ẹ máa tàn án fún ìṣẹ́jú 10 lọ́sẹ̀ kan, kódà nínú ọyẹ́, kí òróró lè dé ara àwọn rọ́bà rẹ̀. Rọ́bà tó gbẹ ló ń sán. Bó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ délé, ẹ pa kílíìmù, ẹ jẹ́ kí fáànù nìkan máa fẹ́, kí ọ̀pá inú lè gbẹ. Òórùn bíi ti aṣọ tí kò gbẹ, èyí tí ẹ ń gbọ́ ní òwúrọ̀, ọ̀rinrin yìí ló ń fà á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ọmọdé sílẹ̀ nínú mọ́tò tí a tì, ì báà ṣe kí ẹ kàn ra búrẹ́dì. Láàárín ìṣẹ́jú 10 péré, ooru inú rẹ̀ lè fi ìwọ̀n 10 ga sí i. Ẹ má sì ṣe sùn nínú mọ́tò tí ẹńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nítorí kílíìmù. Èéfín ẹńjìnnì lè wọlé, èyí tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn, ẹni tó bá sì ti sùn kò ní mọ̀ ìgbà tó dé.

Kí a tó dágbére, ẹ jẹ́ kí a parí ìtàn wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pààrọ̀ òrùka rọ́bà náà, ó tú wáyà tí wọ́n so pọ̀, ó sì fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ míràn sí i. Owó rẹ̀ dùn wá dé egungun. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì la ti la ọyẹ́ kọjá, a kò sì tíì rọ gáàsì. Ohun mìíràn tí a ṣe ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni pé a tún gíláàsì ẹ̀yìn méjèèjì ṣe. Kílíìmù dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ sì lè já ọmọ aráyé kulẹ̀ ní àárín ọ̀nà. Fèrèsé tó ń ṣí àti ìgò omi mímu lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà, ìwọ̀nyí ni kílíìmù àkọ́kọ́.

Nígbà tí a tún gbé Ìyá lọ sí Àjàṣẹ́, ó fa ìborùn mọ́ra, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ dín òtútù yìí kù, kì í ṣe fìríìjì lẹ kó mi sí.” A rẹ́rìn-ín, a sì dín in kù.

Ó di oṣù tó ń bọ̀. Kí Olúwa máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.